Ìṣètò káàdì Wi-Fi lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká Linux

Ìṣètò káàdì Wi-Fi lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká Linux ni gbogbo iṣẹ́ tí a máa ń ṣe kí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Linux, tàbí ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ẹbí Unix, tó lè bá ráútà sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà pín sí: kernel ní láti dá káàdì náà mọ̀, káàdì náà ní láti rí firmware tirẹ̀ gbà, lẹ́yìn náà ni a óò fún un ní orúkọ nẹ́tíwọ̀kì àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀ka kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, torí òun ló máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n inú méjì àkọ́kọ́ ni ìṣòro máa ń pọ̀ sí jù. Bí káàdì Wi-Fi kan bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí Linux, kì í sábà jẹ́ pé olùlò ṣi àṣẹ kọ. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń lò ó, tàbí pé kò gba àwọn ẹlòmíràn láyè láti pín firmware rẹ̀.

Káàdì, dírẹ́bà àti firmware

Káàdì Wi-Fi jẹ́ ẹ̀rọ rédíò kékeré kan tó ń fi ìgbì ránṣẹ́, tó sì ń gbà á wọlé, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà IEEE 802.11. Ọdún 1997 ni ìlànà náà kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀dà 802.11b ti ọdún 1999 lè gbé mẹ́gábíìtì 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 802.11g ti ọdún 2003 gbé e dé 54. Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, abẹ́ ìdérí ìsàlẹ̀ ni káàdì náà máa ń wà, wáyà tín-ín-rín méjì sì sábà máa ń so ó mọ́ áńtẹ́nà tí a tẹ́ sí etí ojú kọ̀ǹpútà náà. Àwọn mìíràn jẹ́ èyí tí a ń kì bọ ihò USB.

Kí káàdì yìí tó lè ṣiṣẹ́, ó nílò ohun méjì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kà sí ọ̀kan náà. Èkíní ni dírẹ́bà. Dírẹ́bà jẹ́ apá kan nínú kernel, tí í ṣe ọkàn ètò ìṣiṣẹ́. Òun ni ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti káàdì. Èkejì ni firmware, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káàdì kì í tọ́jú firmware sí ara wọn. Nígbàkúùgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, dírẹ́bà ní láti mú fáìlì firmware láti inú /lib/firmware, kí ó sì dà á sínú káàdì. Bí fáìlì náà kò bá sí níbẹ̀, kernel á rí káàdì, á dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n káàdì kò ní fọhùn.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní ti òfin. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ lè kọ dírẹ́bà tuntun, bí ó bá ṣáà ti mọ bí káàdì ṣe ń gbọ́ àṣẹ. Ti firmware yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì ló ni ín, ó sábà máa ń jáde láìsí kóòdù orísun rẹ̀, ìwé àṣẹ tó bá a rìn ló sì ń sọ bóyá Debian, Fedora tàbí OpenBSD lè fi í sínú ohun tí wọ́n ń pín fún aráyé.

Ìtàn

Ní àwọn ọdún 1990, Jean Tourrilhes, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard, ṣe Wireless Extensions fún Linux, pẹ̀lú àwọn àṣẹ iwconfig àti iwlist tí a fi ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni ṣì ń dárúkọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iw ti rọ́pò wọn.

Oṣù Kẹta ọdún 2003 ni Intel gbé Centrino jáde, káàdì Wi-Fi sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí a ń bá nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká láti ilé-iṣẹ́ wá. Ìgbà yẹn ni wàhálà àwọn olùlò Linux gbilẹ̀, torí pé dírẹ́bà Windows nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Ọ̀nà àbáyọ kan ni ndiswrapper, tó ń mú dírẹ́bà tí a ṣe fún Windows, tó sì ń mú un ṣiṣẹ́ nínú Linux. Káàdì á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò ló ń rìn nínú kernel. Bí ó bá dà á rú, àwọn tó ń kọ kernel kò lè tún un ṣe.

Ti Broadcom ni ó gba iṣẹ́ jù. Ilé-iṣẹ́ náà kò fún àwọn tó ń kọ Linux ní ìwé tó ṣàlàyé chip rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni pín ara wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ kìíní tú dírẹ́bà tí Broadcom ṣe palẹ̀, wọ́n wo ohun tó ń sọ fún káàdì, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlàyé lásán. Ẹgbẹ́ kejì kò fojú kan dírẹ́bà náà rárá. Àlàyé yẹn nìkan ni wọ́n kà, òun ni wọ́n sì fi kọ dírẹ́bà tuntun. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyìí ni kí ẹnikẹ́ni má baà lè fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n da kóòdù oníkóòdù kọ. Iṣẹ́ náà, tí a pè ní bcm43xx, wọ inú Linux 2.6.17 ní Oṣù Kẹfà ọdún 2006. Arọ́pò rẹ̀, b43, wọ inú Linux 2.6.24 ní Oṣù Kìíní ọdún 2008. Síbẹ̀, ti Broadcom ni firmware ṣì jẹ́, kò sì sí àṣẹ láti pín in. Èyí ló mú kí wọ́n kọ b43-fwcutter, tó ń gé firmware jáde láti inú fáìlì dírẹ́bà tí Broadcom ṣe fún àwọn mìíràn. Olùlò ló ń gé e fún ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kò sí ẹni tó pín in fún un. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010 ni Broadcom tó fúnra rẹ̀ gbé dírẹ́bà tó ní kóòdù orísun jáde, fún àwọn chip rẹ̀ tó jẹ́ tuntun nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ Atheros gba ọ̀nà mìíràn. Sọ́fítíwíà ló ń darí rédíò inú chip wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí kóòdù náà bá wà ní gbangba, olùlò lè yí rédíò sí ìgbì tí òfin kò gbà. Wọ́n fi apá tó ń darí rédíò pamọ́ sínú fáìlì kan tí kò ní kóòdù orísun, tí wọ́n pè ní HAL, dírẹ́bà MadWifi sì ń lo fáìlì yìí lórí Linux. Reyk Floeter, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ OpenBSD, jókòó kọ HAL mìíràn tó ní kóòdù orísun. Nígbà tí àwọn tó ń kọ Linux fẹ́ lo iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2007, àríyànjiyàn líle bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá wọ́n lè fi ìwé àṣẹ GPL rọ́pò ìwé àṣẹ BSD tó wà lórí rẹ̀. Theo de Raadt, olùdásílẹ̀ OpenBSD, tako èyí ní gbangba. Kóòdù náà ni a fi kọ ath5k, tó wọ inú Linux 2.6.25 ní Oṣù Kẹrin ọdún 2008. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Atheros fúnra rẹ̀ gbé ath9k jáde pẹ̀lú kóòdù orísun. Àwọn káàdì PCI tí ath9k ń darí kò nílò kí a da firmware kankan sínú wọn, ìdí sì nìyí tí àwọn tó ń wá kọ̀ǹpútà tí kò ní sọ́fítíwíà onítìpa fi fẹ́ràn wọn títí di òní.

Láàárín ìgbà kan náà, Linux 2.6.22 ti Oṣù Keje ọdún 2007 mú mac80211 wọlé, èyí tí ilé-iṣẹ́ Devicescape fi kóòdù rẹ̀ tọrẹ. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ló ń gbé ẹ̀dà tirẹ̀ nípa ìlànà 802.11 kiri, àṣìṣe tí a bá sì tún ṣe nínú ọ̀kan á ṣì wà nínú èkejì.

Debian ló wá mú ọ̀rọ̀ firmware dé ọ̀dọ̀ olùlò lásán. Nínú ẹ̀dà Squeeze, tó jáde ní Oṣù Kejì ọdún 2011, wọ́n yọ gbogbo firmware tí kò bá ìlànà òmìnira wọn mu kúrò nínú kernel. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Debian sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó jẹ́ pé Wi-Fi nìkan ló ní á wá rí i pé ètò ìgbékalẹ̀ ń béèrè fáìlì firmware lọ́wọ́ òun, fáìlì yẹn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò lè dé láìsí firmware. Ó dà bí ẹni tí a ní kí ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ nínú ilé tí a fi kọ́kọ́rọ́ náà tì. Ẹ̀dà tó ní firmware nínú wà, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí ti ìjọba Debian, ìpamọ́ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ní ọdún 2022, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Debian dìbò pé kí firmware máa wà nínú ètò ìgbékalẹ̀ gan-an, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà Bookworm ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà ọdún 2023.

Dídá káàdì mọ̀

Orúkọ tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà kò tó láti fi mọ káàdì inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè gbé káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, tún lè jẹ́ èyí tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti pààrọ̀ káàdì rẹ̀. Nọ́ńbà tí káàdì ń gbé ni ẹ̀rí tó dájú, àṣẹ yìí ló sì ń fi í hàn:

lspci -nnk

Fún káàdì USB, lsusb ni a ń lò. Nọ́ńbà náà ní apá méjì: apá kìíní dúró fún ilé-iṣẹ́, apá kejì fún irú chip. 8086 ni Intel, 14e4 ni Broadcom, 168c ni Atheros, 10ec sì ni Realtek. Lábẹ́ orúkọ káàdì, ìlà kan á sọ dírẹ́bà tó ń darí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ìlà yẹn kò bá sí, kernel kò rí dírẹ́bà kankan fún un.

Bí dírẹ́bà bá wà tí káàdì kò sì ṣiṣẹ́, àkọsílẹ̀ kernel ni ó kàn láti yẹ̀ wò. Àṣẹ dmesg ló ń ṣí i. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí «failed with error -2» túmọ̀ sí pé kernel wá fáìlì firmware kan, kò sì rí i. Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí lórí káàdì Intel. Dírẹ́bà iwlwifi máa ń kọ́kọ́ wá ẹ̀dà firmware tó ga jù lọ tó mọ̀, bí kò bá rí i á sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e, títí tí yóò fi rí ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ lè kún fún «error -2» nígbà tí káàdì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó ṣe kókó ni bóyá ìlà kan wà níkẹyìn tó sọ pé firmware ti wọlé.

Ohun mìíràn tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé a lè ti káàdì pa. Àṣẹ rfkill list ń sọ èyí. Bí sọ́fítíwíà ló tì í, rfkill unblock wifi á ṣí i. Bí bọ́tìnì ara kọ̀ǹpútà ló tì í, kò sí àṣẹ tó lè ṣí i. Bọ́tìnì náà ni a gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ẹni tó bá pinnu láti pààrọ̀ káàdì rẹ̀ sí èyí tó rọrùn fún Linux gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn ThinkPad àti HP àtijọ́ kan ní àkójọ orúkọ káàdì tí BIOS wọn gbà. Bí a bá fi òmíràn sí wọn, kọ̀ǹpútà náà á dúró lójú ọ̀nà, kò ní tàn dé òpin títí a ó fi yọ ọ́.

Gbígba firmware nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì

Lórí Debian àti àwọn ọmọ rẹ̀, àkójọ firmware-iwlwifi wà fún Intel, firmware-realtek fún Realtek, firmware-atheros fún Atheros, firmware-brcm80211 sì wà fún àwọn Broadcom tuntun. Fún àwọn Broadcom àtijọ́, firmware-b43-installer kò gbé firmware kankan lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lọ mú fáìlì dírẹ́bà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gé firmware jáde nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, gbígbé àkójọ yìí sórí fíláàṣì nìkan kò tó.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tí kò ní wáyà nẹ́tíwọ̀kì ni fóònù. Bí a bá fi okùn USB so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, tí a sì tan pínpín íntánẹ́ẹ̀tì láti ara USB nínú ètò fóònù náà, Linux á rí fóònù bí ẹni pé káàdì oníwáyà ni. Dírẹ́bà rẹ̀ ti wà nínú kernel, kò sì béèrè firmware. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti fi gba ohun tí káàdì Wi-Fi ń fẹ́.

Sísopọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì

Tí káàdì bá ti ṣetán, yóò ní orúkọ nínú àkójọ tí ip link ń fi hàn. Tẹ́lẹ̀, wlan0 ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́. Láti ọdún 2013, systemd ń sọ wọ́n lórúkọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n wà: nínú wlp3s0, wl dúró fún Wi-Fi, p3 àti s0 sì jẹ́ àdírẹ́sì káàdì lórí PCI. Láti rí àwọn nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò:

ip link set wlp3s0 up
iw dev wlp3s0 scan

iw kò lè bá nẹ́tíwọ̀kì tó ń lo WPA dúnàádúrà ọ̀rọ̀ aṣínà. Iṣẹ́ wpa_supplicant nìyẹn, sọ́fítíwíà tí Jouni Malinen kọ, tó tún ń ṣiṣẹ́ lórí FreeBSD àti nínú Android. Fáìlì rẹ̀ lè kéré báyìí:

network={
    ssid="IleIwe"
    psk="oro-asina-ibe"
}

Lẹ́yìn èyí:

wpa_supplicant -B -i wlp3s0 -c /etc/wpa_supplicant/wpa_supplicant.conf
dhcpcd wlp3s0

Àṣẹ kejì ló ń gba àdírẹ́sì IP lọ́wọ́ ráútà. Ọ̀rọ̀ aṣínà gbọ́dọ̀ ní àmì 8 ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ju 63 lọ. Kì í ṣe òun gan-an ni kọ̀ǹpútà ń lò gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́: a máa ń da òun àti orúkọ nẹ́tíwọ̀kì pọ̀, a ó sì ṣe ìṣirò kan lé wọn lórí nígbà 4096, kí ó tó di kọ́kọ́rọ́ oníbíìtì 256. Ìdí nìyí tí kọ́kọ́rọ́ tí wpa_passphrase ṣírò kò fi ní wúlò mọ́ bí ẹni tó ni ráútà bá yí orúkọ nẹ́tíwọ̀kì padà, àní bí ọ̀rọ̀ aṣínà kò bá yí padà. wpa_passphrase tún máa ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà gan-an sílẹ̀ lórí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì #. Ó yẹ kí a pa ìlà yẹn rẹ́ bí ẹlòmíràn bá ń lo kọ̀ǹpútà náà.

Àwọn tó pọ̀ jù kì í kọ fáìlì yìí fúnra wọn. NetworkManager, tí Red Hat bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ló ń ṣe é fún wọn:

nmcli --ask device wifi connect IleIwe

--ask dára ju kíkọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àṣẹ lọ, nítorí pé ìtàn àṣẹ tí a ti tẹ̀ máa ń wà nínú fáìlì. NetworkManager àti wpa_supplicant tí a dá bẹ̀rẹ̀ fúnra wa kò gbọdọ̀ jọ darí káàdì kan náà. Wọ́n á máa já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Wi-Fi á sì máa já láìnídìí tó hàn.

Nẹ́tíwọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ gíga bíi eduroam ń béèrè orúkọ olùlò àti ọ̀rọ̀ aṣínà ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni àìbìkítà ti léwu jù. Bí a kò bá fún wpa_supplicant ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi dá ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ̀, nínú ìlà ca_cert, ẹnikẹ́ni lè gbé ráútà tó ń jẹ́ eduroam kalẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì gbìyànjú láti wọlé sí i, ohun tí ó bá sì fi ránṣẹ́ lè tó fún ọ̀daràn láti fi wá ọ̀rọ̀ aṣínà rí.

WEP, ọ̀nà ààbò àkọ́kọ́ fún Wi-Fi, ti já láti ọdún 2001 nígbà tí Fluhrer, Mantin àti Shamir fi àléébù rẹ̀ hàn. WPA dé ní 2003, WPA2 ní 2004, WPA3 ní 2018.

Orílẹ̀-èdè àti ìgbì rédíò

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ìgbì tí Wi-Fi lè lò àti bí agbára rẹ̀ ṣe lè tó. Linux ń tọ́jú àwọn òfin wọ̀nyí sínú àkójọ kan. iw reg get ń sọ èyí tó wà lójú iṣẹ́. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lè kọ iw reg set NG. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin nìkan. Káàdì tó bá gbà pé Amẹ́ríkà ni òun wà kì í lo ojú ìgbì 12 àti 13, nítorí náà ráútà tó wà lórí 13 kò ní hàn sí i rárá, bó tilẹ̀ wà nínú yàrá kan náà. Àwọn káàdì kan ní àmì orílẹ̀-èdè tí a ti kọ sínú wọn láti ilé-iṣẹ́, àṣẹ olùlò kò sì lè dẹ òfin yẹn. Fún irú káàdì bẹ́ẹ̀, ráútà ni a óò yí sí ojú ìgbì 1, 6 tàbí 11.

OpenBSD àti FreeBSD

OpenBSD kò gba dírẹ́bà tí kò ní kóòdù orísun wọlé rárá, ṣùgbọ́n ó gba firmware bí ìwé àṣẹ bá jẹ́ kí a lè pín in. Àwọn tí ìwé àṣẹ wọn kò jẹ́ kí ó bá ètò náà rìn ni àṣẹ fw_update ń lọ mú. Orúkọ dírẹ́bà ni orúkọ káàdì níbẹ̀: iwm0 jẹ́ káàdì Intel tí dírẹ́bà iwm ń darí, man iwm á sì sọ gbogbo ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. ifconfig nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ iw àti wpa_supplicant pọ̀, fún WPA tó ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan. Fáìlì /etc/hostname.iwm0 kò nílò ju ìlà méjì lọ:

join IleIwe wpakey oro-asina-ibe
inet autoconf

Ọ̀rọ̀ join dé ní OpenBSD 6.4, ní ọdún 2018. A lè kọ ọ́ ní ìlà púpọ̀ fún ilé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́, kọ̀ǹpútà á sì mú èyí tó bá rí.

Lórí FreeBSD, káàdì gan-an kì í gba àdírẹ́sì. A máa ń dá wlan0 sílẹ̀ lé e lórí, nínú /etc/rc.conf:

wlans_iwm0="wlan0"
ifconfig_wlan0="WPA SYNCDHCP"

Orúkọ nẹ́tíwọ̀kì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú /etc/wpa_supplicant.conf, ní ọ̀nà kan náà bíi ti Linux. Fún àwọn káàdì Intel tó jẹ́ tuntun, FreeBSD 13.1 ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ sí í lo iwlwifi, dírẹ́bà tí Intel kọ fún Linux, láti ara ìpele kan tó ń jẹ́ kí kóòdù Linux lè ṣiṣẹ́ nínú kernel FreeBSD.